Àpótí Páànù Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ikán ti jẹ etí ìwé náà,
ó ti fi ojú ewé méjìlá ṣe oúnjẹ alẹ́,
ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kò tíì rà.
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà ni mo ti fa àpótí yọ,
mo sì bá Jóòbù Arógundádé níbẹ̀,
bàbá tó bí bàbá ìyá mi,
ó jókòó sínú tàdáwà, ó ń yínmú.

Ọmọ tí wọ́n jí gbé lóko ẹ̀wà,
tí ọkọ̀ ojú omi sọ sí etíkun àjòjì,
tó kọ́ ìwé níbẹ̀, tó kọ́ bàtà wíwọ̀,
tó fi ẹsẹ̀ kan náà rìn láti Èkó
wá wá ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ní Iléṣà.
Ó bá ilé tó ti di igbó.
Ó bá ìyá nínú ilẹ̀.
Ó bá Owá tó ń wá ẹni tó lè ka lẹ́tà.
Bó ṣe di akọ̀wé ààfin nìyẹn,
láyé Fitóríà, láyé ìbọn òun àdéhùn.

Lọ́sàn-án, ó ń kọ:
“Kábíyèsí ní kí n kí yín. Ṣé àlàáfíà ni?”
Lóru, nídìí àtùpà elépo,
ó ń kọ èyí tí kò ní àdírẹ́sì.

Ó kọ ti ìjòyè kan ní Ìrọ̀jò
tó ra fìlà gogoro lọ́wọ́ ará Èkó:
“Fìlà ti wọlé tipẹ́ kí olówó rẹ̀ tó dé.
A kí fìlà, fìlà ò dáhùn.
A kí orí,
orí ní ká lọ béèrè lọ́wọ́ fìlà.”

Ó kọ ti òyìnbó tó wá parí ogun,
tó sùn lọ nígbà tí àwọn àgbà ń ka òkú wọn fún un:
“Ẹ rọra, ẹ má jí àlejò.
Bó bá jí, á ní gbogbo rẹ̀ lòun gbọ́,
á ní ká wá tẹ̀ka sí oorun òun.”

Ẹ̀fẹ̀ kì í gbé inú àpótí. Ó jáde.
Ìgbìmọ̀ pè é, wọ́n ní kó san àgbò kan.
Ó mú àgbò wá lọ́jọ́ kẹta,
ó ti dé fìlà gogoro fún un.
Wọ́n ní Owá fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu.
Onífìlà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín;
ó dọjọ́ karùn-ún kó tó rín in,
nínú yàrá, òun nìkan.

Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀, mo ṣí ewé,
ẹ̀rín há mi lọ́fun.
Ọwọ́ ìkọ̀wé ti yàtọ̀, ó ti kéré:

“Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.
Òyìnbó sọ tirẹ̀, mo ní: láéláé.
Àwọn bàbá rò pé láéláé
kò ju ìgbà tí ọba kan máa wàjà.
Mo rí i lójú wọn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò ó.
Mo dákẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n. Ebi ń pa wá.
Ogún ọdún ni mo fi ń dé fìlà fún àgbò ẹlòmíràn.
Ta ni yóò wá dé tèmi?”

Lẹ́yìn èyí ni ojú ewé méjìlá tí ikán jẹ.
N ò mọ̀ bóyá ó kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ ọ́ pé:
Ó sin ọba tọkàntọkàn.
Wọn ò dárúkọ àgbò.

Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ bí a ṣe ń sin gbèsè:
à á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, a ò ní jókòó
títí owó á fi pé.
Ìwé yìí ti lóṣòó tì mí láti àárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, alága wa gba títì kọjá,
sáírìn níwájú, sáírìn lẹ́yìn,
ajá àdúgbò pàápàá yà fún un.
Mo wá bírò.
Kò tètè yọ.
Mo fẹnu fẹ́ ẹ.